Ohùn tó Tó Ọgọ́ta Ọmọ

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Tíṣà Ààrá ti ń kọ́ kíláàsì kìíní. Ọgọ́ta ọmọ nínú yàrá kan, márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì kan. Kí ohùn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn, àfi kó kọ́kọ́ gbá àwọn tó wà níwájú. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Kò bínú.

Ìjọba wá fowó sílẹ̀ pé kí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré má ju ọgbọ̀n lọ. Káfíńtà fi pákó dá yàrá náà sí méjì. Wọ́n gba tíṣà tuntun, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀rín ti tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo bi àwọn ọmọ pé ẹsẹ̀ mélòó ni ajá ní, wọ́n ní méje."

"Mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ mélòó ni mo bi àwọn tèmi."

"Mo mọ̀, mà. Gbogbo wa la gbọ́. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì náà dáhùn."

Ọ̀gá ilé ìwé ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìjọba rán ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá rí i pé kíláàsì kan náà ni, tí pákó kàn dúró láàárín rẹ̀, owó dúró nìyẹn, tíṣà tuntun á sì gbalé lọ.

Tíṣà Ààrá wo ọ̀dọ́mọbìnrin náà. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́. Ohùn òun ló máa lé e lọ, láìfọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn.

"Tíṣà, ṣé inú ń run yín ni?"

"Rárá."

"Àbí a ti ṣẹ̀ yín?"

Ẹnì kan bú sẹ́kún. Tíṣà Ààrá fa àga kékeré kan, ó jókòó sáàárín wọn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Ẹ sún mọ́ mi. Ta ló máa kàwé?"

"Èmi, mà."

Ohùn bíi ti ẹ̀fọn. Ọmọbìnrin kan ni, tó ti wà ní kíláàsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

"Ìwọ? O ò dáhùn rí."

"Mo máa ń dáhùn, mà. Ẹ kì í gbọ́ ni."

Tíṣà Ààrá fa ọmọ náà mọ́ra. Ó ṣí ìwé fún un.

Ọmọ náà ń kà á lọ nígbà tí ọkùnrin ìjọba yọrí wọlé, ọ̀gá ilé ìwé ń làágùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Kíláàsì méjì ni wọ́n pè é. Mi ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan níbí. Ṣé àwọn ọmọ tiẹ̀ wà..."

"Ẹ rọra," ni Tíṣà Ààrá wí, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kó parí ojú ìwé yìí."

Ọ̀gá ilé ìwé dijú. Ọkùnrin ìjọba dúró, ó ń gbọ́ ìtàn ewúrẹ́ tó wọ ilé onílé. Nígbà tó yá, ó wo pákó, ohùn kankan ò gba ibẹ̀ kọjá, ó ṣí ìwé tirẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀: kíláàsì méjì. Ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò lọ.

"Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?" ló bi ọmọ náà. "Ṣé wọ́n rí i mú?"

"A ò tíì débẹ̀, sà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó.