Kí Ikú Tó Dájú

Oyún mi pé oṣù márùn-ún nígbà tí omi rẹ̀ dà láìtọ́jọ́. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ọmọ náà kò lè yè, àti pé bó bá pẹ́ nínú mi, àìsàn á wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi. Ọkọ mi ní kí wọ́n yọ ọ́. Dókítà dákẹ́. Òfin ní a lè yọ oyún kìkì bí ó bá dájú pé ìyá yóò kú, kò sì tíì dájú. Ẹ̀wọ̀n ló ń bà á lẹ́rù, mi ò bá a wí. Nígbà tó fi máa dájú, mi ò mọ ara mi mọ́. Mo yè é, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ilé ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ aṣòfin, ló jókòó tì mí títí ara mi fi yá. Lẹ́yìn náà ló gbé àbá lọ sí ilé ìgbìmọ̀, pé kí wọ́n yọ "ó bá dájú pé ìyá yóò kú" kúrò nínú òfin, kí wọ́n fi "ẹ̀mí tàbí ìlera ìyá bá wà nínú ewu" rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jiyàn lé e lórí, mo jókòó lókè láàárín àwọn òǹwòran. Àgbà aṣòfin kan ló kọ́kọ́ dìde. Bàbá Kọ́mà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí àbá tó máa kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní bá kọ́mà inú rẹ̀ jà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù. Oyún wo ni kò léwu? Ta ni yóò wá gbèjà ọmọ tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ta ló ti rí ikú tó dájú kó tó dé. Ilé dà rú, abẹnugan ní kí wọ́n lọ sinmi.

Mo bá Bàbá Kọ́mà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bu omi. Mo kí i, mo ní èmi ni àbúrò aṣòfin yẹn. Ó fa àga fún mi, ó bi mí ní ohun tí dókítà rí lọ́jọ́ náà. Mo ròyìn ibà àti òtútù tó ń gbọ̀n mí, àti bí dókítà ṣe mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, tí kò lè búra pé yóò débẹ̀.

Ó di kọ́ọ̀pù mú, kò mu ún. "Ó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ká a?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ká a, sà. Òfin ni kò jẹ́."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, òun náà ló tún kọ́kọ́ dìde. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti le.

Bàbá Kọ́mà ní, "Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ọmọ inú kò yí padà. Ṣùgbọ́n a ò ṣòfin pé kí dókítà máa wo obìnrin títí yóò fi kú." Ó wá dábàá kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "ewu tó lè já sí ikú, ìbáà má tíì dájú."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí "ìlera" wà níbẹ̀. Bàbá Kọ́mà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀, títí ẹ̀gbọ́n mi fi gbà pé díẹ̀ sàn ju òfo. Àbá náà wọlé.

Mo dúró de Bàbá Kọ́mà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, àmọ́ "Ẹ ṣé, bàbá" nìkan ló jáde.

Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kí òun rímú mí.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó gbórí lé èjìká mi, oorun sì gbé e lọ. Mo ń ronú nípa obìnrin kan tí mi ò mọ̀, tí kò ní mọ̀ mí láé, tí dókítà rẹ̀ kò ní dákẹ́. Mo dúpẹ́ nítorí tirẹ̀. Mi ò mi èjìká mi títí a fi délé.