Ewé Ìyá Lateefah

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí o. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ sí ìbùdókọ̀ Benson n'Ìkòròdú, òun ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Ìpakodò láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, tó ń bẹ ewé. "Ẹ jọ̀ọ́," ló ń wí, "ẹ dákun, ẹ dìde." Ewé ló ń fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀ o! Àwọn oníbàárà tó ń gbé aṣọ wá fún un gan-an ò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Bàbá Ajíbóyè ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Sakí ni, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wà nílé ọkọ. Yàrá kan ló gbà nílé Ìyá Lateefah, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbérò. Ìyá Lateefah, tí wọ́n sọ ní Mùlíkátù, opó lòun náà. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ẹ̀yìnkùlé ilé náà ló sì ti ń tọ́jú ewé eéran, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Àwọn tó ń ta ewé lọ́jà Ìkòròdú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á.

Ìwà arúgbó olówó lewé yìí ní. Kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ wàhálà, ibi tó tutù tí omi sì wà ló ń fẹ́. Ìyá tó bí Ìyá Lateefah ló gbìn ín sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí omi balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti ń ṣàn jáde, láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún un gbìn. Ẹ já a lónìí, á tún yọ òmíràn. Àní nígbà tí ọkọ Lateefah kọ́ balùwẹ̀ onítáìlì sínú ilé fún ìyá ìyàwó rẹ̀, tó so omi mọ́ òkè kó máa rọ̀ bí òjò, obìnrin náà wò ó, ó ní ó dára, ó dúpẹ́, ó gbé korobá rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. "Ṣé kí n wẹ̀ tán kí omi mi lọ ṣòfò?" ló wí. Ìṣó kan wà lára ògiri balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ibẹ̀ ni kànìnkànìn rẹ̀ máa ń wà.

Nígbà tí oyún Lateefah wá wọ oṣù rẹ̀, ìyá rẹ̀ di ẹrù, ó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá a. Ó mú kànìnkànìn rẹ̀ kúrò lórí ìṣó. Ó pe Bàbá Ajíbóyè.

"Ẹ̀yin ni mo fi ewé mi tì o."

Inú bàbá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́ sí obìnrin yìí, kò kàn rí ẹnu sọ ọ́ ni. Ó ti pinnu pé tó bá fi lè ti Ẹ̀pẹ́ dé, tó bá ewé rẹ̀ tó ń dán, òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

"Kí ni kí n máa ṣe fún un?" ló béèrè.

"Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa wẹ̀ níbẹ̀."

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kí ọmọ àgbẹ̀ láti Sakí má ṣe nǹkan kan fún ohun tó wà nínú ilẹ̀! Ọjọ́ mélòó kan ni Bàbá Ajíbóyè fi wẹ̀, tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ máńgòrò yẹn bíi kó bú sẹ́kún. Ewé gbígbẹ kún ilẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ò gbálẹ̀ rí. Oòrùn ò wọlé. Ebè kan ṣoṣo, kò sí! "Ilẹ̀ tí a ò kọ ebè sí," ló wí fún ara rẹ̀, "ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ oko?" Ó lọ ra ọkọ́. Ó gbá ewé gbígbẹ jọ, ó dáná sun ún. Ó gé ẹ̀ka máńgòrò kí ojúmọ́ lè mọ́ síbẹ̀. Ó wá kọ ebè. Ebè gidi, rìbìtì rìbìtì, èyí tí bàbá rẹ̀ ní Sakí ìbá rí tí inú rẹ̀ á dùn. Ó dúró, ó gbọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ara wọn jọ. Ẹ̀gbẹ́ wọn gbẹ, wọ́n pọ́n, wọ́n sùn sílẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ láàárọ̀, ó ń wẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù sáré wálé wá wẹ̀. Kúlúsúmù, ayálégbé tó ń gbé yàrá kejì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó.

"Bàbá, ẹ tún ń wẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ bó ni?"

"Ooru ń mú mi."

"Nínú ọyẹ́ yìí? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n ya yín ní fọ́tò, kí ẹ lè máa rántí ara yín nígbà tí ẹ ṣì láwọ̀." Ó sì yà á lóòótọ́, òun àti ebè rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ kú.

Ibi tí ó ti ń bẹ ewé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni fóònù rẹ̀ ti dún. Ìyá Lateefah ni. Lateefah ti bímọ láti ọjọ́ mélòó kan, ọkùnrin làǹtì lanti, ọ̀la nìkómọ, ọ̀túnla lòun ń padà bọ̀ nílé. "Ewé mi ńkọ́?"

Bàbá Ajíbóyè wo ilẹ̀. Ilẹ̀ náà wò ó.

"Ó wà dáadáa," ló wí. "Ó ń kí yín."

Irọ́ yìí kò jẹ́ kó lè jẹun. Ó ronú títí, ó rí ọgbọ́n kan dá. Ewé eéran, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Tí èèyàn bá ra èyí tí wọn ò gé lẹ́sẹ̀, tó rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, tó tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ta ló máa mọ̀? Ó kéré tán, ó máa tó ọjọ́ mélòó kan kó tó rọ, kí òun sì ti sọ ọ̀rọ̀ òun. Àmọ́ níbo ni yóò ti rà á? Kò sí ẹlẹ́wé kan ní Ìkòròdú tí kò mọ Ìyá Lateefah, ọ̀rọ̀ á ti dé etí rẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ wọn. Bàbá bá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó kọrí sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ máa wò ó o: ìlú tí obìnrin náà wà gan-an ló gbà lọ! Ó ní ọjà Ẹ̀pẹ́ tóbi, èèyàn ò lè pàdé ẹni tí kò wá.

Ó ra ewé. Ó kó o lé èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja nígbà tó gbọ́ ọ.

"Bàbá Ajíbóyè! Àbí ojú mi ni?"

Ìyá Lateefah ni, àpò ẹ̀wà ìkómọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú bàbá, ó wo èjìká rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Ẹ já ewé mi wá! Ẹ já ewé mi wá fún ìkómọ!"

"Ìyá Lateefah, ẹ jẹ́ n..."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà ní rere. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Kí ni kó ṣe? Ó tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ iléyá. Nílé ọkọ Lateefah, àwọn obìnrin ti ń lọ ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ata ti wà nílẹ̀. Ìyá Lateefah gbóhùn sókè. "Ẹ wá wo olóòótọ́ èèyàn o! Ó tọ́jú ewé, ó tún fi èjìká rù ú wá láti Ìkòròdú!" Wọ́n kí i, wọ́n kí i. Wọ́n ní ẹni tó bá lè tọ́jú ewé, á lè tọ́jú èèyàn. Lateefah gbé ọmọ jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìtọ́jú o, Bàbá. Màámi ò jẹ́ kí ọkọ mi gan-an dé ìdí ewé yẹn rí." Gbogbo oríyìn yìí ń gún bàbá bí abẹ́rẹ́ tó kán sínú aṣọ.

Nígbà tí mọ́ínmọ́ín jinná, wọ́n gbé àkọ́sè fún un, ó ń ru gùdù nínú ewé. Ó tú u. Ó bù ú. Ó gbé àwo náà sílẹ̀.

"Ìyá Lateefah," ló wí, "ewé yìí kì í ṣe tiyín. Mo rà á ni. Mo ti ba tiyín jẹ́."

Ìyá Lateefah ò gbójú sókè, ó ń bu ẹ̀wà sínú ewé lọ.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ewé tí mo ti ń já láti kékeré, kí n má dá a mọ̀?" Ó nu ọwọ́, ó fa fóònù yọ. Fọ́tò tí Kúlúsúmù fi ránṣẹ́ sí i ló wà níbẹ̀: bàbá nínú tówẹ́ẹ̀lì, ebè lọ́tùn-ún, ebè lósì. "Ebè, Bàbá Ajíbóyè! Ẹ kọ ebè fún ewé eéran! Ṣé ẹ fẹ́ fi gúnyán ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lateefah di inú mú. "Ẹ má dá Màámi lóhùn o. Fọ́tò yẹn ni wọ́n fi pa mí lẹ́rìn-ín tí ọmọ yìí fi jáde."

"Kí ló wá dé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yìn mí?" ni bàbá béèrè.

Ìyá Lateefah rọra gbé fóònù sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa gbé e mì. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jì í, ọjọ́ kan ò sí tó gbà pé òun ṣì í ṣe, títí tó fi lọ. Ẹ̀yin sọ tiyín kí mọ́ínmọ́ín tó tutù."

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni bàbá wí. "Mo ní tí ẹ bá bínú, n ò ní í ráyè sọ fún yín mọ́ pé mo fẹ́ràn yín."

"Héèèè!" ni àwọn obìnrin ké.

Ìyá Lateefah ti ewé tó wà níwájú rẹ̀ síwá, ó tì í sẹ́yìn. Kò rí ohun tó ń wá níbẹ̀.

"Ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín yín," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ewé yẹn ò kú. Orí rẹ̀ ló gbẹ, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé."

Nígbà tí wọ́n padà sí Ìpakodò, ó gbé àpótí jókòó, ó ń pàṣẹ, bàbá ń tú ebè rẹ̀ ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó ewé gbígbẹ padà sílẹ̀. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji títí máńgòrò fi tún rúwé. Òjò àkọ́rọ̀ ò pẹ́ tó rọ̀ tí ewé tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, wọ́n ká bí ẹní kékeré. Bàbá sáré wọlé lọ pè é wá wò ó.

"Kí ni kí n wá ṣe fún un báyìí?"

"Ẹ má ṣe nǹkan kan."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́. Ó ta ọkọ́ náà fún ẹnìkan ní àdúgbò Agric. Lẹ́yìn ọdún iléyá, wọ́n so yìgì wọn, kò pariwo, mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi ṣàlejò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kúlúsúmù gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó rí ìṣó ara balùwẹ̀. Kànìnkànìn méjì ló wà lórí rẹ̀, méjèèjì ṣì ń kán omi. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Lateefah ní Ẹ̀pẹ́. Lateefah fèsì pé ewé yẹn á yó omi lọ́dún yìí.