Ìṣẹ́jú Kan Níwájú Ilé Ẹjọ́ Àtijọ́

Ọkùnrin tí ìjọba fi ṣe ọ̀gá lórí àwọn ilé àtijọ́ kò mọ òpó yàtọ̀ sí àtẹ́rígbà, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ yíyan fanda tó o. Bó ṣe gbọ́ pé ìwé kan fẹ́ jáde nípa ogún orílẹ̀-èdè, ó ránṣẹ́ pe bàbá mi, ayàwòrán, pé kí wọ́n wá ya òun níwájú ilé ẹjọ́ àtijọ́.

Láyé ìgbà yẹn, orí dígí ni wọ́n ń ya àwòrán sí, ẹ̀rọ rẹ̀ sì wúwo bí àpótí aṣọ. Màmá Arẹ́lé, tí wọ́n ti ń fi amọ̀ rẹ́ ògiri ilé náà láti ọgbọ̀n ọdún, jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá ní kí wọ́n dìde, pé ẹlẹ́sẹ̀ amọ̀ kò yẹ nínú àwòrán ogún. Bàbá mi ní ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni yóò jẹ́ kí aráyé mọ bí ilẹ̀kùn ṣe ga tó. Ọ̀gá gbà, ó ń kùn.

Bàbá mi wá kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì: “Ẹ má mira títí n ó fi ka ọgọ́ta. Ohun tó bá ń mira, dígí kì í mú un.”

Màmá Arẹ́lé kò mira. Ọ̀gá ńkọ́? Kí wọ́n tó ka mẹ́wàá, ó ti nu ojú, ó ti tún fìlà ṣe. Ó ń nàka sí òrùlé, ó ń sọ fún akọ̀wé rẹ̀ bí òun ṣe máa ṣí i kúrò, kí òun fi páànù tó ń dán bò ó. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Bàbá mi ṣáà ń kà.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣí òrùlé. Páànù kò tíì dé tí òjò fi dé, ògiri sì wó tòpótòpó.

Nínú àwòrán, gbogbo ọnà ilẹ̀kùn hàn kedere, títí kan ẹsẹ̀ Màmá tó ti sán. Níbi tí ọ̀gá dúró sí, èéfín lásán ni. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n fọ́ dígí náà, kí wọ́n ya òmíràn. Bàbá mi bi í pé ilé wo ni kí àwọn yà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe jáde pẹ̀lú àwòrán yẹn, tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ọ̀gá Àgbà, olùtọ́jú ogún wa.”

A mú ìwé náà kan lọ fún Màmá Arẹ́lé. Wọ́n fi ìka tọ ògiri wọn nínú àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí ìka wọn fi kan èéfín.

“Èéfín kí lèyí?”

“Ọ̀gá ni, mà,” bàbá mi ló dáhùn.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí bàbá mi bá àwọn mú sísọ́ọ̀sì, kí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn dànù. Bàbá mi gé e.