Ọpọlọ Ẹ̀rọ Agépáálí

Akíntáyọ̀ fi òwú tó rin fún sípíríìtì nu orí pùrósẹ́sọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́tà orí rẹ̀ sì bá òwú lọ bí ìpin ojú. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà mìíràn yọjú, èyí tí wọ́n ti ha tí kò pa rẹ́ tán.

"Àtúnṣe kìn-ín-ní nìyí," ó wí fún Ọ̀gá Ògúndèyí, tó gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sàngó tà fún iléeṣẹ́ páálí tí Akíntáyọ̀ ti ń ṣe ẹ̀ńjíníà. "Ẹ̀yin lẹ kọ àtúnṣe kejì sí i lórí."

Ògúndèyí ń tayín. "Ẹ̀ńjíníà, ìbejì ni wọ́n. Èwo ni ti ẹni tó kọ́kọ́ jáde?"

Akíntáyọ̀ tutọ́ sílẹ̀. Pùrósẹ́sọ̀ yìí ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ agépáálí. Àléébù wà lára ti àkọ́kọ́: bó bá ti gbóná, á dákú, abẹ ẹ̀rọ á sì já wálẹ̀ láìgbàṣẹ. Àwọn tó ṣe é wo àléébù náà sàn nínú èkejì, wọ́n sì yí lẹ́tà orí rẹ̀ padà kí wọ́n lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Lẹ́tà yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí ń ha kúrò, tó ń kọ òmíràn lé e bí ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ayédèrú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Láti ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà ti fi hàn lójú sírínì pé àtúnṣe kìn-ín-ní ni pùrósẹ́sọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Akíntáyọ̀ fẹ́ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jà níyàn. Nítorí náà ló ṣe ní kí Nímọ́tà, tó ń ti páálí sábẹ́ abẹ, máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ọjọ́ náà. Òun ń ka ìgbóná, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń dùn mọ́ ọn bí ẹni tó rí ibi tí yóò ti jẹ ayò.

Nísinsìnyí, ó na ìwé náà sí Nímọ́tà tó dúró nítòsí. "Àǹtí, ẹ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni abẹ já láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Nímọ́tà ò gbà á. "Ṣé láti ọjọ́ Ajé lẹ ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo rò pé ẹ ṣì ń wá ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà ni," obìnrin náà wí jẹ́ẹ́. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ abẹ náà."

Ó yípadà, ó sì lọ síbi omi ìmu. Ògúndèyí pàápàá yọ igi ìtayín kúrò lẹ́nu.

Akíntáyọ̀ ṣí ìwé rẹ̀. Aago. Ìgbóná. Iye ìgbà tí abẹ já. Ó yẹ ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò láti òkè délẹ̀. Kò sí ibì kankan tó kọ ọwọ́ Nímọ́tà sí.