Kaṣúpà Wákàtí Mẹ́rin

Ará Praia, olú ìlú Cape Verde, kì í kọ ẹrù. Bó o bá ń lọ sí Lisbon, tí àgbàlagbà kan bá gbé nǹkan lé ọ lọ́wọ́ pé kó o bá òun fún ọmọ òun, gbígbà ni wàá gbà á, báàgì rẹ ì báà kún débi tó fẹ́ ya. Ṣùgbọ́n wàràkàṣì ewúrẹ́ àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi ìkòkò orí iná ránṣẹ́, àfi Nha Isaura; "Nha" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà obìnrin níbẹ̀.

Ìdájí Ọjọ́bọ ló se kaṣúpà, àgbàdo àti ẹ̀wà tó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè, èyí tí Adérito ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn jù. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò náà bí ọmọ tuntun, ó gbé e tọ Zenaida lọ, ọmọ aládùúgbò tó máa wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Lisbon lọ́sàn-án.

"Nha Isaura, gbígbóná kẹ̀?"

"Wákàtí mẹ́rin péré lẹ máa lò lójú ọ̀run. Kaṣúpà tèmi kì í tutù bọ̀rọ̀. Jẹ́ kó jẹ ẹ́ ní gbígbóná."

"Ẹgbẹ̀ẹ́dógún kìlómítà mà ni o."

"Ṣé ìwọ lo máa fẹsẹ̀ rìn ín ni?"

Zenaida rẹ́rìn-ín, ó sì gba ìkòkò.

Ẹ má dá ìyá náà lẹ́bi. Ọdún mọ́kànlá ni Adérito ti lọ. Kò níwèé ìgbélùú. Bó bá fẹsẹ̀ jáde lọ́hùn-ún, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Ìyá tọrọ físà títí, wọn ò fún un. Àárò ọmọ yìí ń sọ ọ́ tọ̀sán-tòru. Níwọ̀n ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ò lè dé ibẹ̀, ó fẹ́ kí ooru ọwọ́ òun dé ibẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti fóònù. Kò dún. Lọ́jọ́ kejì, kò dún. Nha Isaura ò mọ̀ pé ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Lisbon, iṣẹ́ ló ń sáré bá. Zenaida ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì láti àfẹ̀mọ́júmọ́, Adérito ń po sìmẹ́ńtì títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ibi tí wọ́n ń gbé sì jìnnà síra. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó ríra.

Fóònù wá dún.

"Màmá, kaṣúpà yín dé ọwọ́ mi."

"Ṣó ṣì gbóná?" Ó mọ̀ pé kò lè gbóná, síbẹ̀ ó béèrè.

"Ó ti kan, Màmá."

"O dà á nù?"

"Mo jẹ ẹ́."

"Adérito, inú á run ọ́ o."

"Kó máa run mí. Mo fá ìkòkò."

Ẹ̀rín ni Nha Isaura kọ́kọ́ rín, kó tó di ẹkún. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má sunkún, Màmá. Ibí yìí ò kúkú jìnnà. Wákàtí mẹ́rin péré ni."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Ká ní ó jìnnà ni, ǹ bá ti gbà fún Ọlọ́run."