Oògùn Tí Bàbá Sọ Di Omi Ṣúgà

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Ìtùnú yóò gbé ọmọ rẹ̀ wá fún iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀fìnkìn mú ọmọ. Lẹ́ẹ̀kejì, iná lọ nílé ìwòsàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti gbàyè níbi tó ti ń kọ́ni ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ti yínmú kó tó fọwọ́ sí i.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Jọmílójú. Ẹran kan ló wú dí i lọ́nà ọ̀fun, tí kì í jẹ́ kó mí dáadáa bó bá sùn. Nígbà tó pẹ́, ìyà náà dé ẹ̀dọ̀fóró: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ nínú wọn, ọkàn ọmọ sì ń ṣe làálàá bí ẹni tó ń ti ẹrù gòkè. Kí wọ́n tó lè kun ún lóorun láti gé ẹran náà, ó gbọ́dọ̀ fi oṣù kan gbáko lo oògùn tó ń tú iṣan wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ìtùnú ń tètè jáde nílé wọn ní Ijagun, nítorí náà bàbá rẹ̀, Ọ̀gá Harold, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló gba iṣẹ́ oògùn náà ṣe.

Dókítà Matilda, ẹni tí yóò kun ọmọ náà lóorun, wo ẹ̀rọ kékeré tó fi há a níka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó tún fi í há a.

"Ṣé ó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé?"

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, mà," ni Ìtùnú wí. Alaalẹ́ ló ń rí ṣíbí lẹ́nu ọmọ.

"Jọmí, ṣé oògùn náà korò?"

"Tẹ́lẹ̀ ni. Omi ṣúgà ni Bàbá Àgbà ń fún mi báyìí."

Ọ̀gá Harold, tó bá wọn wá, wúkọ́.

"Bàbá?" ni Dókítà wí.

"Dókítà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo ka ìwé inú páálí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ orí ibùsùn ti dá lágara ni wọ́n ṣe é fún! Mo ní apòògùn ló ṣì í fún wa. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lánàá tí mo ti dá a dúró, tí mo fi omi ṣúgà rọ́pò ẹ̀ kí Ìtùnú má bàa dààmú."

"Ṣé ẹ ò wá dán an wò fúnra yín, sà?" ni Nọ́ọ̀sì Bísí wí.

"Bísí!" Dókítà fojú bá a wí. "Bàbá, oògùn kan náà ni. Ìyẹn tó ń tú iṣan ọkùnrin ló ń tú ti ẹ̀dọ̀fóró. Ìwé inú páálí ò sọ gbogbo ẹ̀. Bí mo bá kun ún lóorun lónìí, iṣan yẹn lè há lójijì, kí ọkàn ẹ̀ dúró mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn padà. Oṣù kan."

"Mà, ẹ dákun, ọ̀gá mi ò ní—"

"Mo lè kọ̀wé sí ọ̀gá yín. Mi ò lè fún yín lọ́mọ mìíràn."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn lọ sílé, Ìtùnú gbé ọmọ rẹ̀ lé itan, ó kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀.

"Látìgbà tí ìyá ẹ ti lọ," ni bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "mi ò rẹ́ni bi léèrè kí n tó ṣe nǹkan."

"Èmi ńkọ́, Bàbá? Ṣé òkúta ni mí nínú ilé yẹn ni?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìtùnú fúnra rẹ̀ ló ń po oògùn àárọ̀ àti talẹ́. Tọ̀sán nìkan ló fi sílẹ̀ fún un, á sì pè é lórí fóònù títí yóò fi gbọ́ tí ọmọ ń ráhùn pé ó korò.

Oṣù náà pé. Wọ́n gbé Jọmílójú wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìtùnú àti bàbá rẹ̀ jókòó síta, àga kan òfìfo láàárín wọn. Ó lé ní wákàtí méjì kí Dókítà Matilda tó yọjú.

"Ó ti jí. Ó mí dáadáa. Ó ń bú Bísí."

Ọ̀gá Harold bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ìtùnú wò ó títí. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ nujú yín. Wọ́n ní Jọmí ò gbọdọ̀ sunkún rárá lónìí, bó bá sì rí yín báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀."