Èsì Àyẹ̀wò Aránṣọ

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, Aránṣọ kò fẹsẹ̀ kan máṣíìnì mọ́. Aṣọ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, òmíràn kò lápá, òmíràn kò lọ́rùn. Bí ẹni tó ni ín bá wá béèrè, ọkọ rẹ̀ ni yóò jáde sí onítọ̀hún, tí yóò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Ọkọ náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é ní Tíṣà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àìsàn tó ń ràn bí iná pápá nínú ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò láti yẹ gbogbo ènìyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Aránṣọ ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Ó tò sórí ìlà, wọ́n fi òwú nù ún nínú imú, nígbà tó sì yá, èsì dé sórí fóònù rẹ̀ pé kò ní kòkòrò àrùn náà lára. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ kò sì le, ti ń retí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbà lọ. Ó wẹ̀ fún un, ó di irun fún un, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un lómi mu. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Aránṣọ nìkan ló dìde.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n náà bí, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Lẹ́bàá sàréè ló ti kọjú sí àbúrò ìyá rẹ̀, tó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé ikú wá bá màmá mi." Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè Aránṣọ mọ́.

"Èmi ni mo pa á," Aránṣọ a máa wí.

"Èsì tí wọ́n fún ọ lo tẹ̀ lé," ni Tíṣà máa ń dá a lóhùn.

"Ikọ́ tí mò ń wú ńkọ́? Ṣé èsì ló ń wúkọ́ ni?"

 Nígbà tí Tíṣà ń fetí sílẹ̀ kiri àdúgbò, ó gbọ́ ti oníbúrẹ́dì tí wọ́n ní kò ní nǹkan kan, tí àìsàn náà sì dá a wó sídìí ààrò rẹ̀, kó tó gbádùn. Ó gbọ́ ti bíríkìlà tí wọ́n ní ó ti kó àrùn náà, tí wọ́n tì mọ́lé, kó tó di pé ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò tí wọn ò rí nǹkan kan. Tíṣà mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá orí burúkú.

Ló bá gbé kóòtù tó fi ń kọ́ni láyé ọjọ́un wọ̀, ó gba ilé iṣẹ́ ìlera lọ. Wọ́n ní kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fáànù tó ń pariwo tí kò fẹ́ atẹ́gùn. Òní, ọ̀gá ò sí. Ọ̀la, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ọjọ́ tí ọ̀gá wà, tí ìpàdé ò sì sí, òjò ṣú, ọ̀gá ti tètè lọ ilé. Tíṣà ò sinmi. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ kéékèèké ní ìsọdipúpọ̀ rí, ta ni yóò kọ́ ọ ní sùúrù?

Ìgbà tó yá, Ọ̀gá Àgbà ní kó wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Tíṣà wí, "ìlànà wo ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ń gbé òwú imú wa lọ? Ta ló ń yẹ ẹ̀rọ wọn wò?"

"Bàbá, ìlànà tó péye ni."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rí i."

"Ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Bí a bá tú u síta, jìnnìjìnnì á bo aráàlú, wọn ò sì ní jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò mọ́."

"Sà, jìnnìjìnnì ti bò wá. Ohun tí a ò mọ̀ ló ń já wa láyà."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ lọ sinmi, bàbá."

Tíṣà lọ, kò sinmi. Òun, oníbúrẹ́dì àti bíríkìlà lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí rédíò, títí ìjọba fi gbà láti wá bá aráàdúgbò ṣèpàdé nínú gbọ̀ngàn yẹn kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, Tíṣà ń wá bàtà rẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde láti yàrá, ó ti wẹ̀, ó ti múra.

"Mo ń bá yín lọ," ló wí. Tíṣà yáa wọ sálúbàtà jáde, kí ìyàwó rẹ̀ má baà yí ọkàn padà.

Gbọ̀ngàn kún àkúnya. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀ títí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Obìnrin tó jẹ́ olórí yàrá àyẹ̀wò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Bí wọ́n ṣe ní ta ló ní ìbéèrè, Aránṣọ dìde.

"Mi ò wá jà," ló wí. "Mi ò sì mọ ìwé rẹpẹtẹ. Èsì yín ní ara mi mọ́, mo fi ara náà lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi, ó kú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ yẹ̀ mí wò, ṣé nǹkan yín pé, àbí kò pé?"

 Ọ̀gá Àgbà fa makirofóònù mọ́ra. "Ìyá, a bá yín kẹ́dùn gan-an, àmọ́..."

"Sà," ni olórí yàrá àyẹ̀wò wí, ó sì dìde, "èmi ni wọ́n ń bi."

Ó yíjú sí Aránṣọ. "Kò pé, mà. Iná lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, jẹnẹrétọ̀ wa sì kọṣẹ́. Fíríìjì tí a ń kó ohun àyẹ̀wò sí gbóná. Ó yẹ ká dà wọ́n nù, ká pè yín padà. Mo sọ fún àwọn tó wà lókè mi, wọ́n ní ká má dá iṣẹ́ dúró, ìjọba ti ṣèlérí àyẹ̀wò fún gbogbo ènìyàn. Mo sì bá a lọ. Mi ò lè sọ pé tiyín bàjẹ́, mà. Mi ò sì lè búra pé kò bàjẹ́."

Ariwo sọ. Àwọn kan ń bú, àwọn kan ń sunkún. Aránṣọ nìkan ló ní, "Ẹ ṣeun," ó sì jókòó. Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìjọba ò rí ibi sá sí mọ́. Wọ́n ti yàrá àyẹ̀wò náà pa, wọ́n tún un ṣe, wọ́n mú àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn wá bẹ̀ ẹ́ wò. Nísinsìnyí, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe àyẹ̀wò, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìlànà wọn sára ògiri, àti orúkọ ẹni tó yẹ ẹ̀rọ wò kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ olórí yàrá àyẹ̀wò náà nípò, àwọn tó wà lókè rẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n wà. Èyí dun Tíṣà wọnú eegun. Ó tún gbé kóòtù wọ̀, ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Bí Ọ̀gá Àgbà ṣe rí i, ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, kí ló tún dé?" Títí di bí a ṣe ń wí yìí, wọn ò tíì dá obìnrin náà padà, Tíṣà ò sì tíì yé lọ.

Aránṣọ ní tirẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ náà ti gbọ́ lórí rédíò. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú.

"Mi ò wá wẹ ọwọ́ mi mọ́," ni Aránṣọ wí nígbà tí wọ́n jókòó. "Àwọn fúnra wọn ò mọ̀, èmi náà ò ní mọ̀ láéláé. Mo wá wò ọ́ ni."

Ọmọ náà gbé omi síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Kí ni màmá mi ń sọ láwọn ọjọ́ tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀?"

"Tìrẹ ni. Ó ní bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, o kì í rántí jẹun."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Aránṣọ sún mọ́ ọn.